Òrí Lọ́wọ́ Bíríkìlà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí Ẹ̀gbẹ́dá ṣì jẹ́ ibi tí èèyàn ti ń kọ́lé sáàárín igbó, ara yíyún ni wọ́n fi ń dá mi mọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Bí ẹ bá wọ ilé wa tí ẹ sì béèrè mi, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ ni pé, "Èwo nínú wọn? Ṣé eléèélá yẹn?" Ibi ìgbọ̀nwọ́ mi, ẹ̀yìn orúnkún, ọrùn, ibẹ̀ ni èélá náà fi ṣelé. Ara á gbẹ, á sán, á máa bó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Bí mo bá sì họ ọ́, ẹ̀jẹ̀ ni. Bí ọyẹ́ bá wá dé, ó di ogun. Mo gbọ́ pé àwọn dókítà ní orúkọ oríṣiríṣi tí wọ́n ń pè é lóde òní. Èélá làwa ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Bíríkìlà ni bàbá mi. Nígbà náà, ilé ń hù ní Ìgàndò àti Ìkòtún bí olú, bíríkìlà tó bá mọṣẹ́ kì í jókòó sílé. Wọ́n á jáde láàárọ̀, wọ́n á dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú sìmẹ́ńtì lára bàtà àti nínú irun ìpéǹpéjú. Ọwọ́ wọn ńkọ́? Há à! Sìmẹ́ńtì ti jẹ ọwọ́ yẹn, ó le koko, ó sì sán káàkiri. Bí wọ́n bá ṣèèṣì fọwọ́ kan gèlè màmá mi, á fa òwú rẹ̀ yọ ni. Màmá mi á pariwo, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gèlè mi sílẹ̀!" Bàbá mi á sì fi ọwọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti màmá mi fún yín. Èélá àti làpálàpá, ọ̀kan náà ni wọ́n jọ lójú wọn. Ewé asúnwọ̀n ni wọ́n ń já, wọ́n á gún un mọ́ ọṣẹ dúdú, wọ́n á wá fi kànrìnkàn gbo mi bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Bí wọ́n ṣe tọ́ àwọn náà nìyẹn. Ara tí kò bá dán, ìdọ̀tí ló kù lára rẹ̀, ẹ ṣáà gbo ó. Igbe mi á dé ìta. "Dúró jẹ́ẹ́ jàre! Àbí o ò fẹ́ kó lọ ni?" Mo fẹ́ kó lọ o. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gbo ó ló ń pupa sí i, ló ń ta mí sí i. Nígbà kan, mo gbójú sókè nínú balùwẹ̀, mo rí i pé omijé ń bọ́ lójú àwọn náà bí wọ́n ṣe ń fọ̀ mí. Wọ́n nífẹ̀ẹ́ mi. Wọn ò kàn mọ̀ ni.

Ilé oníyàrá-kọjú-síra là ń gbé, balùwẹ̀ kan ni gbogbo wa ń lò. Àwọn ìyá ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọmọ wọn sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ bá mi ṣeré tẹ́ń-tẹ́ń alápatẹ́wọ́ mọ́, torí wọ́n ní tí ọwọ́ bá kan ọwọ́, ó parí. Ni ìyá onílé bá wá bá bàbá mi ní iwájú ilé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Ọ̀gá bíríkìlà, ẹ má bínú sí mi o. Ara ọmọ yìí ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù. Ẹ wo ọwọ́ ẹ̀yin náà, ṣé ẹ ò rí i pé ó ti ràn yín? Ẹ mú un lọ bá ìyá yín nílé kó máa gbé ọ̀dọ̀ wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ wá ilé mìíràn."

"A ti gbọ́, mà," ni bàbá mi fèsì. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí ilé mìíràn? Wọ́n ránṣẹ́ sí ìyá wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí wọ́n wá mú mi. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Kì í ṣe pé mo kórìíra Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá mi ni mi ò fẹ́ fi sílẹ̀. Èmi ni mo máa ń gbé omi ìwẹ̀ wọn kalẹ̀ tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ta ni yóò máa gbé e?

Ìyá àgbà dé nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú. Igbá òrí ńlá kan ni wọ́n rù wá, wọ́n fi ewé bò ó. Wọn ò tíì mu omi tí wọ́n fi gbọ́ igbe mi láti balùwẹ̀. Wọ́n wọlé wá bá wa, wọ́n já kànrìnkàn gbà lọ́wọ́ màmá mi, wọ́n sì sọ ọ́ sórí òrùlé. Òótọ́ ni mo ń sọ fún yín, ó wà lórí páànù níbẹ̀ títí òjò fi dé.

"Ọmọ lò ń fọ̀ ni, àbí ìkòkò?" Wọ́n fà mí síbi tí oòrùn wà, wọ́n wo apá mi, wọ́n wo ẹ̀yìn orúnkún mi. "Làpálàpá wo? Èélá nìyí. Bí bàbá rẹ̀ ṣe ní in nìyí nígbà tó wà lọ́mọdé. Kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í sì í ràn. Òùngbẹ ló ń gbẹ awọ ara ọmọ yìí."

Mo wo bàbá mi. Bàbá mi wo ilẹ̀. Wọn ò rántí pé ó ti ṣe àwọn náà rí.

Ẹ fetí sí bí ìyá àgbà ṣe ṣe é, torí ẹ̀yin náà lè nílò rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọn ò kàn dà á lé mi lára o. Wọ́n kọ́kọ́ fi òrí díẹ̀ pa mí ní ọrùn ọwọ́, wọ́n ní ká sùn ká jí. Nígbà tí kò pupa, tí kò sì wú, wọ́n já ejìnrìn lára ọgbà tó wà lẹ́yìn ilé, ibi gbogbo ló ń fà sí nígbà náà. Wọ́n bọ́ ọ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, omi náà sì korò bí ohunkóhun. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń bu ú dà sí mi lára, kò sí ọṣẹ líle, kò sí gbígbo. Ògbólógbòó ìró ni wọ́n fi ń tẹ omi náà gbẹ. Kí ara tó gbẹ tán pátápátá, òrí ti gbọ́dọ̀ kàn án. Wọ́n gé èékánná mi, wọ́n bọ́ aṣọ ọ̀rá tí mo fẹ́ràn jù kúrò lára mi, wọ́n ní aṣọ òwú ni kí n máa wọ̀.

Ibi tí wàhálà wà ni òrí yẹn. Ọyẹ́ ti mú un gan, ọwọ́ ìyá àgbà kò sì lágbára mọ́ láti pò ó. Wọ́n bá pe ọmọ wọn. "Ìwọ, bọ́ síbí. Wá pa ọmọ rẹ lára."

Bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì hàn wọ́n. "Ìyá, ẹ wo ọwọ́ mi. Màá bó ọmọ yìí lára ni."

"Ṣé mo ní kó o sọ̀rọ̀ ni? Pa á lára."

Bàbá mi bu òrí, wọ́n ń pò ó láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì títí ó fi yọ́. Wọ́n wá gbé ọwọ́ lé apá mi, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Ẹ̀yin tí ara kì í yún, mi ò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ọwọ́ yẹn le tó láti họ ibi tó ń yún mi, òrí sì wà lórí rẹ̀ tí kò jẹ́ kó bó mi. Ibi tí èékánná ti ń fa ẹ̀jẹ̀, ọwọ́ bàbá mi rìn kọjá lórí rẹ̀, ìyún náà sì rọlẹ̀. Mo sùn lọ lórí àga níbẹ̀. Ìyá àgbà ní mo ń hanrun bí àgbàlagbà.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́. Bí bàbá mi ṣe ń pa mí lára ni òrí ń wọ ọwọ́ tiwọn náà. Sísán ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó le síbẹ̀, torí wọn ò yé po sìmẹ́ńtì. Ìyá àgbà ní tiwọn á gbé ẹ̀kọ jókòó sí iwájú ilé, èmi àti àwọn á jọ máa jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan lójú gbogbo ayé. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn ń jẹun ni.

Nígbà tí ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, ìyá àgbà di ẹrù wọn. Màmá mi di tèmi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí ìyá onílé kò tíì sọ nǹkan kan. Mo jókòó sórí àpò mi. Ìyá onílé jáde wá. Wọ́n fà mí lọ́wọ́. Àwọn fúnra wọn o! Wọ́n na apá mi síta, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. Awọ ara náà kò tíì dán bíi ti àwọn ọmọ yòókù, àmọ́ kò sán mọ́, kò sì pupa. Wọ́n wo ìyá àgbà, wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀.

"Ìyá, òrí yẹn... ṣé ó ṣẹ́kù díẹ̀? Gìgísẹ̀ mi ló ń sán."

Ẹ̀rín pa màmá mi débi tí wọ́n fi wọlé sá. Ìyá àgbà bu òrí fún ìyá onílé, wọ́n sì dá nìkan padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi tú àpò mi.

Mi ò ní purọ́ fún yín, èélá yẹn kò lọ pátápátá. Ọdọọdún ló ń padà wá pẹ̀lú ọyẹ́, bàbá mi á sì tún gbé igbá òrí. Kí n sọ èyí tí mi ò sọ fún màmá mi rí? Mo máa ń retí ọyẹ́. Bí atẹ́gùn gbígbẹ bá ti fẹ́, inú mi á máa dùn.

Ẹ̀gbẹ́dá ti kún báyìí. Ibi tí ejìnrìn ń fà sí nígbà náà, ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀. Inú ike ni wọ́n ń ta òrí sí, wọ́n fi lọ́fínńdà sí i. Ọmọ ọmọ mi náà ní èélá. A gbé e lọ sọ́sípítù, wọ́n fún un ní ìpara, ó sì ń ṣiṣẹ́, mi ò bá a jà. Ẹ máa gbé ọmọ yín lọ o, pàápàá tó bá ń ṣọyún. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n bá a pa á, á ní, "Màmá, ẹ fi sílẹ̀, màá pa á fúnra mi," ojú rẹ̀ á sì wà lórí fóònù.

Ọ̀dọ̀ mi ni bàbá mi lo ìgbà ogbó wọn. Wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́. Lọ́jọ́ kan tí ọyẹ́ mú, mo gbé òrí lọ bá wọn, èmi ìyá ọlọ́mọ, mo na apá mi. "Bàbá, ẹ bá mi pa á." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pò ó, wọ́n pa á fún mi. Ọwọ́ wọn ti rọ̀ bíi ti ọmọ tuntun. Gbogbo ara mi ń dúró de líle yẹn, kò dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo wọ yàrá lọ, mo sì sunkún.

Wọ́n ti lọ báyìí. Bí ọyẹ́ bá dé, ó ṣì ń yún mi níbi ìgbọ̀nwọ́. Òrí wà nílé.