Ó Pa Gbogbo Rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ọkọ mi. Èèpo igi kan ni mò ń sè lágbo fún un. Mo bu díẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀gá mi ní ilé àyẹ̀wò tó wà ní Bonanjo, níbi tí mo ti ń fọ ìgò àyẹ̀wò. Ó fi ránṣẹ́ sí Faransé, kí wọ́n dán an wò lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ.

Lónìí ni lẹ́tà dé. Ọ̀gá ní, "Ça a tout tué. Ó pa gbogbo rẹ̀."

Mo fò sókè! "Olúwa ṣeun! Gbogbo jẹjẹrẹ yẹn?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Madame, wọ́n tún dán an wò lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró tí kò ní àìsàn kankan. Ìyẹn náà kú. Gbogbo rẹ̀ ni mo wí."

Oṣù mẹ́ta! Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń bù ú fún un.

Mo sáré délé. Ọkọ mi ti jókòó dè mí, ife lọ́wọ́. "Ìyá Bọ́sẹ̀, ikọ́ yìí ti ń rọlẹ̀ o. Bù ú kún."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá Bọ́sẹ̀, karosíìnì ti tán, mi ò rí àgbo sè."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún un lọ́la?