Ọjọ́ Tí Ẹgbẹ́ Akọrin Wa Jà ní Wuse

Ẹ jẹ́ n tètè jẹ́wọ́ pé wọ́n ti lù mí rí nítorí orin ìyìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe Ọlọ́run ló rán mi níṣẹ́. Màmá ló rán mi.

Màmá tí mò ń wí yìí kọ́ ló bí mi. Òun ni olórí ẹgbẹ́ akọrin wa ní Karmo, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé orin ìyìn Yorùbá jáde nínú kásẹ́ẹ̀tì ní Àbújá, nígbà tí ìlú yìí ṣì jẹ́ erùpẹ̀ pupa àti ariwo katapílà. Ọmọ Yorùbá Òkun ni. Bí inú bá bí i, èdè ilé wọn ló fi ń búni, a kì í sì í gbọ́ ju ìdajì lọ, bóyá ohun tó jẹ́ ká lè dúró tì í nìyẹn. Fúnra rẹ̀ ló ń hun orin, fúnra rẹ̀ náà ló ń gbé e jáde. Á gba sítúdíò, á tẹ páálí kásẹ́ẹ̀tì tó gbé àwòrán òun àti gèlè rẹ̀, á tẹ ìwé orin pẹlẹbẹ kí àwọn èèyàn lè máa bá a kọ ọ́, á wá di gbogbo rẹ̀ sínú àpò ńlá, a óò máa rù ú láti ìjọ kan sí òmíràn, títí dé Bwari lórí òkè.

Ọwọ́ rẹ̀ yá nílẹ̀. O ṣi ohùn, ìgbátí. O pẹ́ dé ìdánrawò, ìgbátí. Mo gba ọ̀kan lórí "Hòsánnà" lọ́jọ́ kan, etí kan ṣoṣo ni mo fi gbọ́ "Àmín". Obìnrin kan wà nínú àwọn sòpíránò wa tó ti bímọ mẹ́rin, òun náà ń gba tiẹ̀, á gbà á tán, á ní, "Ẹ ṣé, mà." Bí ẹ bá bi mí pé kí ló dé tí a ò fi lọ, ohùn rẹ̀ ni. Àwọn pánẹ́bítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọsìn wa, àwọn tí kì í fi ọjọ́ Àìkú sinmi. Bí Màmá bá la ẹnu, wọ́n á dá òòlù dúró sókè. Mo fi ojú mi rí i.

Sátidé kan ni áltò wa kan ti Wuse dé pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́. Ó gbé e fún Màmá, ó sì sún sẹ́yìn bí ẹni tó tanná ran ìbọn ṣakabùlà. Orúkọ àwọn orin wa ló wà lẹ́yìn páálí náà, lẹ́sẹẹsẹ. Ṣùgbọ́n níwájú, obìnrin mìíràn ni, tẹ́ẹ́rẹ́, ó wé gèlè aláró, ó ń rẹ́rìn-ín.

Màmá ní, "Ta nìyí?"

"Àwọn tó ń tà á ní òun ló kọ ọ́, mà."

"Ó kọ kí ni?"

A fi í sínú rédíò. Ohùn Màmá ló jáde. Ó gbọ́ ọ títí orin kìíní fi parí, ó ń wo ojú obìnrin yẹn lára páálí, bíi pé ó ń dúró kí ètè àwòrán náà mì. Ẹ má rò pé owó ló ká a lára. Obìnrin tó ń ta ìwé orin lówó pọ́ọ́kú, tó tún ń fi ta àwọn opó lọ́rẹ! Ohun tó gbóná mọ́ ọn ni pé ayé lè gbàgbọ́ pé ọ̀fun ẹlòmíì ni ohùn òun ti jáde.

Ó dìde. "Ẹ lọ wọ aṣọ akọrin yín."

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣebí ìjà la fẹ́ lọ jà? Kí la fẹ́ fi aṣọ funfun ṣe?"

"Kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹni tó lorin ló dé. Tẹ́nọ̀, àbí ojora ń mú ọ?"

"Rárá o, mà." Irọ́ kìíní tí mo pa nínú aṣọ funfun nìyẹn.

Aṣọ funfun yẹn sì ni àṣìṣe wa. Akọrin nìkan ló lè ṣe irú rẹ̀. Àwa méjìlá já sílẹ̀ létí ọjà Wuse, níbi tí àwọn awakọ̀ takisí ti ń pe èrò, pẹ̀lú aṣọ funfun àti ọ̀já elésè-àlùkò lọ́rùn. Kí a tó dé ibi tí à ń lọ, èrò ti ń wọ́ tẹ̀ lé wa. Ìwàásù ni wọ́n rò pé a wá ṣe.

Ṣọ́ọ̀bù oníkásẹ́ẹ̀tì yẹn ò ju pákó mẹ́rin àti páànù lọ. Jẹnẹrétọ̀ ń dún, orin Màmá sì ń bú jáde láti inú sípíkà kan tó ga tó mi. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù fẹ̀ láyà bí ilẹ̀kùn. Obìnrin inú àwòrán náà gan-an jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó ń nu eruku kúrò lára kásẹ́ẹ̀tì.

Màmá ní, "Gbé ohùn mi fún mi."

"Màmá, ẹ máa lọ sápá ọ̀hún bó bá jẹ́ ìwàásù lẹ fẹ́ ṣe. Ọjà ni mò ń tà."

Màmá fi apá rẹ̀ gbá pẹpẹ àkọ́kọ́ lulẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ya sílẹ̀ bí òjò yìnyín. Ọkùnrin náà sì gbá a létí.

A ò rí ẹni tó gbá Màmá létí rí. Ó dà bíi pé ẹnìkan gbá Àpáta Zuma létí. Gbogbo wa dúró ṣáá, títí báàsì wa fi bú ramúramù, tó fi orí sọ ọkùnrin náà níkùn. Ló bá di gidigbò. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì dá sí i, tọwọ́ tẹsẹ̀. Sòpíránò ọlọ́mọ mẹ́rin bọ́ bàtà gogoro rẹ̀, ó ń kàn án mọ́ àwọn èèyàn lágbárí bí ẹni ń kan ìṣó. Wọ́n já ọ̀já lọ́rùn mi, wọ́n tún fi fún mi lọ́rùn. Mo ṣubú, ẹsẹ̀ kan sì tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo gé ojúgun tó sún mọ́ mi jẹ pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ojúgun báàsì wa ni. Títí dòní, kò tíì dárí jì mí.

Orin ò sì dáwọ́ dúró. Àwọn èrò rí aṣọ funfun, wọ́n gbọ́ orin ìyìn, wọ́n rí ẹni tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nílẹ̀, wọ́n ní ìsìn ìtúsílẹ̀ ni. Obìnrin kan ń pariwo, "Jáde lára rẹ̀! Jáde!" Ẹlòmíì ń jó. Níbi tí mo dojú bolẹ̀ sí, tí wọ́n ń ta mí nípàá níhà, ẹnìkan rọra fi owó ọrẹ lé mi lẹ́yìn.

Àsìkò yẹn ni ọkùnrin náà fa pákó kan yọ lára pẹpẹ tó wó, tó fi gbá Màmá lẹ́nu. Mo gbọ́ ọ. Kò dún kíkankíkan, ó dún bí ìgbà tí èèyàn bá fọ́ ìkarahun ìgbín. Ètè òkè là sí méjì, eyín kan bọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ya bo aṣọ funfun náà títí dé ìgbáròkó.

"Kai! Kai! Ẹ dúró ńbẹ̀!"

Alhájì kan ló dé, àgbàlagbà ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta bàtà ní ìlà yẹn, òun sì ni olórí àwọn oníṣòwò Yorùbá ibẹ̀. Ó mú bàtà aláwọ kan lọ́wọ́, ó fi ń la àwọn èèyàn lórí, olè àti olóore, kò yàn. Ó pa jẹnẹrétọ̀. Ní ìlà yẹn, èèyàn kì í pe ọlọ́pàá kí àgbà tó gbọ́ ẹjọ́.

"Ta ló lorin?"

Màmá na ìka sí àyà ara rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé páálí sókè. "Alhájì, ẹ wo ojú ìyàwó mi níbí. Òun ló kọ ọ́."

Alhájì wo páálí, ó wo obìnrin náà. "Ojú kì í kọrin. Àwọn méjèèjì ní ọ̀fun, àbí? Kí wọ́n kọ ọ́ ká gbọ́. Ìyá, ẹ̀yin lágbà, ẹ bẹ̀rẹ̀."

Ètè Màmá ti wú bí àkàrà tó mu epo yó. Ó tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin kẹta, èyí tó ga jù. Afẹ́fẹ́ ń gba ibi eyín jáde. Ọ̀rọ̀ ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ní àbọ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ta sí àwọn tó wà níwájú. Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Awakọ̀ kan ní, "Ìyá, ẹ lọ fomi gbóná sí i!" Ìyẹn ò dá a dúró. Ó kọ ẹsẹ náà dé òpin, ó ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lára obìnrin yẹn.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Alhájì, ẹ fetí ara yín gbọ́."

Ó fi ìkúùkù ti ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn. "Kọ ọ́!"

Obìnrin náà kọ ọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó mọ̀ ọ́n kọ! Ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó yí ohùn níbi tí Màmá ti ń yí i, ó mí níbi tí Màmá ti ń mí. Alhájì ń mi orí bí ẹni tó gbà. Nígbà tó parí ẹsẹ kejì, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kékeré kan àti ńlá kan, ó sì wọ ẹsẹ kẹta láìbojú wẹ̀yìn.

Àwa akọrin wo ara wa. Lọ́jọ́ tí a gba orin yẹn sílẹ̀ ní Karmo, àwọn pánẹ́bítà ń fín ọ̀dà sára mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri sítúdíò. Òórùn ọ̀dà wọlé, Màmá sì wúkọ́ lẹ́yìn ẹsẹ kejì. Téèpù ò tó láti tún un ṣe, a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Màmá fi ẹnu yẹn sọ pé, "Alhájì. Ẹ bi í, kí ló ń mú un wúkọ́?"

"Ọmọ mi, ṣé òtútù mú ọ ni?"

"Rárá, Alhájì. Bí orin náà ṣe ń lọ nìyẹn."

Alhájì ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n fi orin kẹta sí i. Ẹsẹ kejì parí. Ikọ́ kékeré. Ikọ́ ńlá. Ọjà hó yèè.

Alhájì ní, "Ẹni tó bí orin kò ní há ikọ́ sórí. Ẹ kó kásẹ́ẹ̀tì fún ìyá yìí."

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ọkùnrin náà yíjú, ó sì fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ìyàwó rẹ̀ lójú. "O ò lè gbé ikọ́ mì ni?" Ó tún gbé ọwọ́ sókè. Màmá ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Eyín tó kù ló fi di apá ọkùnrin náà mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí èèyàn mẹ́rin fi fà wọ́n. Obìnrin náà dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa kásẹ́ẹ̀tì sínú àpò wa, ojú kan ti pa dé. Mi ò mọ ibi tí ayé gbé e gbà lẹ́yìn ọjọ́ náà, mi ò sì ní parọ́ fún yín.

A rò pé a ṣẹ́gun. Nínú bọ́ọ̀sì, báàsì wa ti ń dá orin ọpẹ́ kí Màmá tó yọ gèlè tó fi ń dí ẹ̀jẹ̀ kúrò lẹ́nu.

"Ikọ́ mi ni wọ́n dá mọ̀," ó ní. "Wọn ò dá ohùn mi mọ̀."

A dé Karmo, ó yá òòlù lọ́wọ́ àwọn pánẹ́bítà, ó ní ká fọ́ gbogbo kásẹ́ẹ̀tì náà. Báàsì ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká kàn yọ páálí rẹ̀, ká fi tiyín sí i." Ìgbátí ló fi dá a lóhùn. A fọ́ ọ títí ọwọ́ wa fi bó, téèpù ń wọ́ nílẹ̀ bí ìfun ẹran. Mo ti ọ̀kan bọ apá aṣọ mi.

Nígbà tí ètè rẹ̀ jinná, ó fà sápá kan. Ó tún àwọn orin náà kọ, ní sítúdíò tó dára, lórí téèpù tí a kọ́kọ́ gba orin náà sí gan-an, torí téèpù wọ́n nígbà náà. Ó pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Tuntun yìí ló tà títí ayé fi yí sí CD, òun ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́: ohùn obìnrin kan tó ń fi ipá ti ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu.

Bwari ló wà báyìí, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí i lọ́dún tó kọjá, ó ní, "Tẹ́nọ̀, ṣé kò sẹ́ni tó ní ti àkọ́kọ́ yẹn lọ́wọ́? Mo fẹ́ gbọ́ bí mo ṣe rí."

Mo ti ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ. Mo ti di bàbá ìyàwó. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí aga, mo ní, "Kò sí, mà."

Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń rẹ́rìn-ín lára páálí rẹ̀.