Igi Ẹran Kejì

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, aládùúgbò mi dáná èédú sẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Upper Marlboro l'Amẹ́ríkà níbí. Bí ọ̀rá adìyẹ ṣe kán síná, tí òórùn rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, ọwọ́ mi dúró lórí abọ́ tí mò ń fọ̀. Òórùn yẹn mọ̀ mí. Ó ti ń wá mi kiri láti kékeré.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí kò bá ilé oúnjẹ àwọn ará Japáànì tó wà lọ́nà Glenarden nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun. Mórẹ́nikẹ́, ọmọ mi, ṣe dáadáa nílé ìwé, mo ní kó mú ibi tó bá wù ú ká ti lọ jẹun. Ibẹ̀ ló mú! Èmi tí mo ti gbọ́ pé ẹja tí iná ò kàn rí ni wọ́n ń jẹ, àdúrà ni mo gbà wọlé.

Ṣùgbọ́n iná ló pàdé wa. Ọkùnrin kan ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ èédú, ó ń yí adìyẹ tí wọ́n gún mọ́ igi tín-ín-rín: awọ, ẹ̀dọ̀, títí kan iwe tí bàbá nìkan ń jẹ nílé wa. Yakitórì ni wọ́n ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ àti ọtí kiri. Mo ní kó fún mi ní ẹyọ kan kí n tọ́ ọ wò. Igi méjì ló gbé wá, ó ní méjì méjì làwọn ń gbé e. Táyé, ìkejì mi, ló sọ sí mi lọ́kàn.

Òkè-Àdó n'Ìbàdàn ni wọ́n bí èmi àti Táyé sí, lọ́jọ́ kan náà. Ibà mú un lọ kí a tó ká eyín. A kì í sọ pé ìbejì kú. "Táyé lọ sọ́jà" ni màmá mi máa ń wí, bẹ́ẹ̀ kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Tó bá ra sùyà, igi méjì ni. Mo jẹ tèmi, ó gbé ti Táyé sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó da bébà bò ó. Tí ilẹ̀ bá mọ́, kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù a bà mí, inú mi a sì dùn. N kò mọ ẹni tó ń jẹ ẹ́ títí dòní.

Kí màmá mi tó dákẹ́, ó di ọwọ́ mi mú: "Má jẹ́ kó ti ọjà dé kó má bá nǹkan." Mo ń ṣe é o. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nígbà náà ni pé Mórẹ́nikẹ́, ọmọ Amẹ́ríkà, kò mọ̀ ọ́n rárá. Tí èmi náà bá lọ, ta ni yóò máa gbé e kalẹ̀ fún un?

Níbi tí mo ti ń rò ó nílé oúnjẹ yẹn, mo ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń jẹun bọ inú ìrẹsì mi, ó dúró ṣánṣán. Obìnrin tó ń gbé oúnjẹ kiri yẹn sáré wá, ó fọwọ́ méjèèjì yọ ọ́, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní òkú ni wọ́n ń gbé oúnjẹ fún bẹ́ẹ̀. Mórẹ́nikẹ́ wo igi adìyẹ kejì tí n kò fọwọ́ kàn.

"Mummy, so who is that one for?"

Mo ní, "Uncle Táyé ni. Twin mi. Kò kú o. Ó lọ sí market."

Ó ní, "Okay. Ṣé ó máa pẹ́?"

Mo ní n kò mọ̀. Ó fi bébà ìnuwọ́ bo adìyẹ náà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Ilé oúnjẹ yẹn ti di ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Ọkọ mi ti sùn nínú Olúwa, èmi nìkan ló kù nílé. Wọ́n ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ní tiwa, ẹni tó lọ ló wà lọ́jà, àwa là ń ṣọ́lé dè é.

Mórẹ́nikẹ́ wá láti Capitol Heights tó ń gbé báyìí lọ́jọ́ Àìkú yẹn, aládùúgbò fún un ní adìyẹ lórí igi, ó sì sùn mọ́jú lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí mo jí, àwo kékeré kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, bébà ìnuwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, igi kan ṣoṣo nínú rẹ̀ láìsí ẹran. Ó ní òun ló gbé e síbẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò jẹ ẹ́.

Èmi náà kò jẹ ẹ́. Mo fọ àwo náà, mo sì gbé e padà síbi tí Mórẹ́nikẹ́ gbé e sí.