Ìdájí Lẹ́nu Ọ̀nà Ìyá Onílé

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú ní ìlú kan ní Sípéènì tí a kó lọ ni pé aago méjì ọ̀sán ni wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù, tí oníkálukú á wọlé lọ sùn. Èmi ọmọ àdúgbò Oníyanrìn, tí mo dàgbà sáàárín àwọn tó ń tajà ní Bẹẹrẹ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, mo dúró síwájú ilé búrẹ́dì, mo ń wo àgádágodo. Oòrùn ń ta mí lórí. Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé ebi kì í pa yín lọ́sàn-án ni?" Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn, torí kò sẹ́ni lójú títì.

Ṣùgbọ́n ìlú náà wù mí. Orí òkè ni ilé ìjọba wọn wà, bíi gbọ̀ngàn Mápó nílé, èèyàn sì gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn dáadáa kó tó rí òṣìṣẹ́ kankan. Nísàlẹ̀, òrùlé àwọn ilé àtijọ́ pupa lọ rẹrẹ bíi tilé wa. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí wọn, omi bọ́ lójú mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Orí òkè yẹn náà ni wọ́n ti sọ fún wa pé ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò lè wọ ilé ìwé àfi tí a bá forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ará ìlú, a ò sì lè forúkọ sílẹ̀ àfi tí onílé bá fọwọ́ sí ìwé pé ilé òun là ń gbé. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa parí ìforúkọsílẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ni ìyá onílé wa ń gbé, àwa wà lókè. Àgbàlagbà opó ni wọ́n. Ẹnì kan tó gbé ibẹ̀ ṣáájú wa ló fi ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí kó wọn sí wàhálà, wọ́n sì ti búra pé àwọn ò fọwọ́ sí nǹkan kan mọ́. Bàbá ọmọ mi, tó ti dé síbẹ̀ ní ọdún méjì ṣáájú wa, tó ń ṣiṣẹ́ lóko tòmátò, ti bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Rárá ni.

Mo ní, "Ọ̀sán lẹ lọ. Ta ló ń gbé ọ̀rọ̀ ọmọ lọ bá àgbà lọ́sàn-án?"

Ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ibí kì í ṣe Oníyanrìn o."

"Àgbà ṣáà ni àgbà."

Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Ní agbo ilé wa, ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, ìdájí ni wọ́n ń gbé e lọ, lẹ́yìn ìrun Àsùbá, kí ẹni tí a fẹ́ bẹ̀ tó bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe bẹ baálé wa títí wọ́n fi gbà á láyè láti pàtẹ síwájú ilé. Ẹni tó bá di ọ̀sán kó tó wá, ọ̀rọ̀ náà ò tíì dùn ún dénú. Òwúrọ̀ lọjọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo kírun tán, mo wé gèlè, mo mú ìwé dání, mo sọ̀kalẹ̀. Aago mẹ́fà ò tíì lù. Mo kan ilẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀, mo sì ké bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa: "Àgò onílé o! Ẹ jọ̀ọ́ mà!"

Ìyá ṣílẹ̀kùn, aṣọ oorun lọ́rùn, irun orí wọn rí wúruwùru. Bí wọ́n ṣe rí mi lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n gbá àyà mú, wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè kan náà léraléra, n kò sì gbọ́ ọ. Mo túbọ̀ tẹrí ba. Omi dà lójú wọn. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n gbá mi mọ́ra. Inú mi dùn! Mo ní ẹ̀bẹ̀ ti wọlé, mo bá na ìwé sí wọn. Wọ́n wo ìwé, wọ́n wò mí, ojú wọn yí padà, wọ́n sì pa ilẹ̀kùn dé gbàá.

Ojú tì mí, inú sì bí mi. Gbogbo ọ̀sán ni mo fi bá ìkòkò jà. Nígbà tí bàbá ọmọ mi dé tó gbọ́, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sidè, ooru mú burúkú. Ọmọ mi ń wo ìta lójú fèrèsé. Ó ní, "Màámi, ẹ wá wò ó, wọ́n gbé àga síta bí àwọn ará ilé wa." Òótọ́ ni. Àwọn àgbà àdúgbò ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó bá kọjá. Ojú wọn fi hàn bẹ́ẹ̀. Ìyá onílé wà láàárín wọn. Ó ṣe mí bíi kí n farapamọ́, ṣùgbọ́n ohùn tútù ní í yọ obì lápò. Mo gbé àga kan láti ilé ìdáná, mo mú ọmọ mi dání, mo sọ̀kalẹ̀, mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo jókòó.

Ó pẹ́ kí ìyá tó yọ fóònù, tí wọ́n sọ̀rọ̀ sí i, tí fóònù sì tú u sí Gẹ̀ẹ́sì fún mi: kí ló dé tí mo fi wá lásìkò yẹn? Mo ṣàlàyé bí a ṣe ń bẹ àgbà nílé wa. Wọ́n ní kí fóònù tún un sọ. Wọ́n wá ní, "Nílé tèmi, ìròyìn ikú nìkan ló ń kanlẹ̀kùn ní ìdájí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wá sọ fún mi pé ọkọ mi ṣubú lóko, kò dìde mọ́. Mo rò pé ọkọ tìẹ ni. Mo ń bi ọ́ pé ta ló kú."

Àánú wọn ṣe mí débi pé n kò lè mẹ́nu ba ìwé mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú. Wọ́n bu ẹ̀pà sọ́wọ́ ọmọ mi, a sì jókòó títí afẹ́fẹ́ fi tutù.

Tọ́sidè kọjá, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ fún ọmọ mi. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bàbá rẹ̀ ti bá bọ́ọ̀sì oko lọ, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun Àsùbá tán ni mo gbọ́ kò, kò, kò. Ta ló kú? Mo sáré ṣílẹ̀kùn.

Ìyá onílé ni. Wọ́n ti múra bí ẹni ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ya irun, wọ́n kun ètè. Wọ́n na ìwé sí mi. Orúkọ wọn wà nísàlẹ̀ rẹ̀, gàdàgbà.

Wọ́n lè dúró di ọ̀sán. Wọ́n lè ké sí mi láti ìsàlẹ̀. Obìnrin tí kò mọ nǹkan mìíràn mọ́ ìdájí ju ikú lọ ló gun àtẹ̀gùn wá bá mi ní àsìkò tèmi.

Mo kúnlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rù ò bà wọ́n. Mo ní kí wọ́n wọlé, mo sì gbé omi tíì kaná.