Alùpùpù tí kì í mu ẹsáǹsì

Bàbá Adé, ó ti lé lóṣù méjì tí a sin yín, mo ṣì ń ta ẹsáǹsì, epo alùpùpù, nídìí tábìlì yín níwájú ilé wa ní Sàkété níbí.

Láàárọ̀ yìí, Ẹ̀gbọ́n Dósù, ọ̀rẹ́ yín tó ń fi alùpùpù gbé èrò lọ sí Pobẹ̀, dúró níwájú mi. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, n kò bi í ní nǹkan kan. Mo gbé ìgò, mo mú àrọ, mo ń wá ibi tí màá da epo sí. N kò rí i.

"Ìyàwó wa, ṣé orí itan mi lo fẹ́ dà á sí ni? Iná mànàmáná ni tuntun yìí ń mu!"

Àwọn onígàrí ẹ̀gbẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wo ẹ̀yìn alùpùpù náà, kò yọ èéfín rárá. Mo rántí ikọ́ yín.

Àmọ́ mo wo àwọn ìgò tó kù lórí tábìlì. Bí gbogbo àwọn tó ń gun alùpùpù bá ra irú rẹ̀, kí ni màá fi bọ́ Adé?

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ wá dúró ṣe nígbà náà?"

"Bátìrì rẹ̀ ti ń kú lọ. Ẹ̀yin ní iná nílé. Jẹ́ kí ó gba iná níbẹ̀ títí di ọ̀sán, màá sanwó."

Mo fa wáyà gba ojú fèrèsé. Ó sanwó lóòótọ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tó ń ka èyí, tí ẹ ń gun irú rẹ̀, ẹ bá mi dá sí i: èló ni kí n máa gbà lórí iná yìí?

Bàbá Adé, epo ni o, iná ni o, èmi yóò máa ṣí ìsọ̀ yín láràárọ̀.