Àga Tí Bàbá Mi Ṣe

Wọ́n gbé àga tí bàbá mi ṣe fún àbúrò mi lọ, wọn kò sì dá a padà títí di òní.

Lánàá, mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan ní Mamu. Òórùn irin jíjó gbà mí nímú, ni mo bá tún bá ara mi ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Japara, lọ́sàn-án ọjọ́ tí àga náà kọ́kọ́ rìn.

Àbúrò mi kò lè rìn. Bó ṣe dàgbà tó, màmá wa ṣì ń pọ̀n ọ́n. Bàbá mi, tó ń jó irin nílé, yọ ẹ́ńjìnnì wáípà tó ń nu gíláàsì lára ọkọ̀ agbégi kan tó ti kú, ó so ó mọ́ àga onítáyà àti bátìrì. Àbúrò mi tẹ bọ́tìnnì. Àga kùn, ó gbéra.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sá fún mi o!"

"Rọra, dírẹ́bà," bàbá mi ń rẹ́rìn-ín. "Láísẹ́nsì rẹ dà?"

Màmá wa ká ọ̀já tó fi ń pọ̀n ọ́n sínú àpótí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan dé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi àga náà han àwọn ọ̀gá àwọn, àwọn á dá a padà lọ́la. Mo pàtẹ́wọ́ fún wọn.

N kò mọ̀ pé màmá wa yóò tún yọ ọ̀já yẹn jáde, tí yóò fi máa pọn àbúrò mi títí ẹ̀yìn òun fúnra rẹ̀ yóò fi tẹ̀.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, tí ẹ ń sọ fún bàbá mi pé ọ̀gá ti jáde nígbàkígbà tó bá wá béèrè rẹ̀ lọ́ọ́fíìsì yín, títí bàbá mi fi kú, níbo ni àga náà wà? Ta ló jókòó sórí rẹ̀? Àbúrò mi ṣì ń bi mí. Ẹ wá dá a lóhùn.