Báàgì Mi Jókòó, Mọ́tò Lọ

Títí di òní, bí òórùn ẹja díndín àti ata tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ bá gba iwájú mi kọjá, àyà mi á kọ́kọ́ já ná, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Òórùn yẹn ló gbé mi sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní ìlú Accra ní orílẹ̀-èdè Gánà, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ti ṣètò rẹ̀ láti ilé wákàtí sí wákàtí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà ni. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ní Fìdítì àti Ìlọrà, n kò sì kọjá ẹnubodè Nàìjíríà rí. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó fẹ̀yìn tì ń sin adìẹ. Èmi gba báàgì tí ọmọbìnrin mi ń gbé kọ́ ẹ̀yìn lọ sí yunifásítì, mo fi máákà kọ "TÍṢÀ, FÌDÍTÌ" sí ara rẹ̀ gàdàgbà, mo kó aṣọ mẹ́rin sí i, mo sì mú ọ̀nà pọ̀n. Ọmọ mi ní, "Màámi, ẹni ọgọ́ta ọdún kì í gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn káàkiri ayé." Mo bi í pé ìwé òfin wo ni ó ti kà á.

Ẹni tí mò ń lọ wò ni ọ̀gá tó kọ́ wa ní jọ́gíráfì nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ọmọ Kumasi ní Gánà níbẹ̀. Ó máa ń fi ṣọ́ọ̀kì ya àwòrán Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sójú pátákó, yóò sì fa ìlà kan láti Fìdítì títí dé ìlú rẹ̀. Á ní, "Ọ̀nà kan náà ni. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e yóò bá mi nílé." Lọ́jọ́ kan mo nawọ́ sókè, mo ní èmi yóò tẹ̀ lé e, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ sígbà náà tí ìjọba Nàìjíríà ní kí àwọn ọmọ Gánà máa padà sílé wọn. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́, àfi lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún tí ọ̀kan nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ rí i lórí fóònù. Nígbà tí mo bá a sọ̀rọ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ tí o nawọ́ yẹn ni? Ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀ o." Oorun kò kùn mí lọ́sẹ̀ yẹn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé àṣà kan fún ẹni tí kò bá mọ ọ̀dọ̀ wa. Ní ibùdókọ̀ Fìdítì, tàbí ti Ìlọrà, tàbí ti Akínmọ̀ọ́rìn pàápàá, ẹni tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn kò ní láti jókòó sínú mọ́tò kí àyè rẹ̀ tó di tirẹ̀. Yóò gbé nǹkan sórí àga, ìbáà jẹ́ fìlà, ìbáà jẹ́ ọsàn méjì, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Mọ́tò tí kò kún kì í kúrò, ẹnikẹ́ni kì í sì í jókòó lé ẹrù ẹlẹ́rù. Ọ̀gá wa sọ fún wa nígbà náà pé lọ́sẹ̀ tí òun dé Fìdítì, òun fẹ́ jókòó nínú mọ́tò kan ni ìyá àgbà kan bá jágbe mọ́ òun: "Tíṣà, ẹ dìde, gèlè mi ló jókòó síbẹ̀." Ó ní òun kò dé ìlú tí gèlè ti ń jókòó bí èèyàn rí.

Bọ́ọ̀sì aago mẹ́jọ ni mo gba tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láti Accra sí Kumasi. Mo ti sọ fún ọ̀gá wa lálẹ́ àná, ó sì ní òun yóò wá pàdé mi ní ibùdókọ̀. Aago méje ààbọ̀ ni mo wọ bọ́ọ̀sì náà. Ó tó gba àádọ́ta èèyàn, mọ́kànlá péré ló sì wà nínú rẹ̀. Mo kà wọ́n. Mo ní lọ́kàn mi pé eléyìí di ọ̀sán. Mo gbé báàgì mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo tún un jókòó dáadáa bí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní, mo sì tẹ̀ lé òórùn ẹja. Páásípọ́ọ̀tù mi, fóònù mi, ìwé tí mo kọ nọ́ńbà ọ̀gá wa sí, inú báàgì ni gbogbo wọn wà. Owó díẹ̀ tí mo dì mọ́ ìbàdí nìkan ló bá mi sọ̀ kalẹ̀. Mo ra kẹ̀ǹkẹ́, èyí tó dà bí ẹ̀kọ tiwa. Ǹ bá ti padà ní kíá, ṣùgbọ́n mo rí i pé háhá àgbàdo ni wọ́n fi pọ́n ọn, mo sì dúró ṣàlàyé fún ẹni tó ń tà á pé ewé eéran ló yẹ ẹ̀kọ. Ó fi sùúrù gbọ́ mi tán.

Nígbà tí mo padà, ojú ibi tí bọ́ọ̀sì wà ti di ilẹ̀ lásán. Mo lọ bá obìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì.

Ó ní, "Màmá, aago mẹ́jọ la kọ síbẹ̀. Ó ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n kò tíì kún."

Ó ní, "A ò kọ kíkún síbẹ̀."

Mo ní, "Báàgì mi wà lórí àga."

Ó ní, "Báàgì yín á dé lásìkò ní tirẹ̀."

Ó gbìyànjú fún mi ṣá o. Ó pe awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà, ẹni yẹn kò gbé e nítorí pé ó ń wakọ̀. Ó pe Kumasi, kò wọlé. Mo dúró gbagidi pẹ̀lú kẹ̀ǹkẹ́ lọ́wọ́. Èmi tí mo ti ń ti géètì ilé ẹ̀kọ́ ní aago mẹ́jọ gééré láti ọdún yìí wá, tí mò ń sọ fún àwọn ọmọ pé aago kò mọ ọmọ ẹnikẹ́ni, èmi ni wọ́n ti géètì mọ́ síta lónìí. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n láìsí páásípọ́ọ̀tù, ẹnubodè mẹ́ta ló wà láàárín èmi àti ilé mi.

Awakọ̀ kan tó ń kó èrò lọ sí Kumasi gbọ́ bí mo ṣe ń dá sọ̀rọ̀ ní Yorùbá. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn fún ọdún mẹ́fà. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ará ibẹ̀ yẹn, ẹ ṣì ń rán báàgì ní iṣẹ́ jíjókòó? Ẹ wọlé, ká lé e. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ jókòó o, ẹ má gbé bàtà síbẹ̀ fún mi."

Mo jókòó. Ó yẹ kí n máa sunkún, ṣùgbọ́n òótọ́ ni n óò sọ: ara mi ń yá gágá. Igbó kòkó ń sá kọjá lójú fèrèsé, mo sì ń rí ìlà ṣọ́ọ̀kì yẹn tó ń lọ níwájú wa. Ìdajì ọ̀nà ni táyà ti bẹ́. Èyí tó wà lẹ́yìn mọ́tò kò ní afẹ́fẹ́ nínú, awakọ̀ wa sì fi ọ̀kadà gbé e lọ fún ẹni tí yóò fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Òjò dé bá wa níbẹ̀. Nígbà tó padà dé, tí ó pààrọ̀ táyà tán, mọ́tò kọ̀, kò ṣíná. Èmi àti àwọn èrò mẹ́ta yòókù bọ́ sílẹ̀, a tì í nínú ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ sì já àtẹ̀lẹ̀ sálúbàtà mi gbà. Awakọ̀ fi rọ́bà dì í fún mi. Mo sọ fún un pé kò tún táyà rẹ̀ yẹ̀ wò kó tó gbéra, pé bẹ́ẹ̀ kọ́ la ṣe ń ṣètò ìrìn àjò. Ó wò mí lójú, ó ní, "Màmá, báàgì yín dà?"

Kò pẹ́ ni ọlọ́pàá dá wa dúró, ó ní kí n mú ìwé ìrìnnà mi wá. Awakọ̀ ní, "Màmá mi ni." Ọlọ́pàá yíjú sí mi: "Ṣé òótọ́ ni?" N kì í purọ́, n kò sì fẹ́ sun àtìmọ́lé. Mo ní, "Láti àárọ̀ ló ti ń pè mí bẹ́ẹ̀." Ọlọ́pàá wo ẹrẹ̀ tó wà lára mi àti rọ́bà tó wà lẹ́sẹ̀ mi, ó sì ju ọwọ́ pé ká máa lọ.

Aago márùn-ún kọjá ká tó wọ Kumasi. Bọ́ọ̀sì náà ti dé láti aago méjì, ó sì ti padà. Ọkùnrin tó wà ní ọ́fíìsì ibùdókọ̀ yẹ ìwé wò. Ó ní, "Báàgì kan wà lóòótọ́. Bàbá arúgbó kan ti gbé e." Mo bi í pé ibo ló gbà. Ó ní, "Ó wà lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn. Ẹ bá wa bá a sọ̀rọ̀, ó ti dààmú wa."

Mo yíjú sẹ́yìn ilé. Bẹ́ǹṣì gígùn kan ló wà níbẹ̀, èèyàn kún un. Bàbá kan tó wọ fìlà aláwọ̀ eérú jókòó ní ìpẹ̀kun rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, báàgì mi jókòó tì í, obìnrin kan sì dúró níwájú wọn, ó ń ráhùn pé òun kò rí àyè jókòó. Bàbá náà kò gbójú sókè. Ó ní, "Ó lẹ́ni. Mo ti sọ fún yín. Ó lẹ́ni."

Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ kú ìjókòó."

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀ kó tó wò mí. Ó fi Yorùbá tí kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀ láti ogójì ọdún wá sọ pé, "O pẹ́ ní wákàtí mẹ́ta." Ó gbé báàgì náà lé itan ara rẹ̀, ó fọwọ́ nu àyè náà. "Jókòó. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ fún ọlọ́pàá. Mo ní kí wọ́n má dán an wò, mo mọ ìlú tó ti wá. Bí ẹrù bá ti jókòó ní Fìdítì, ẹni tó ni ín ń bọ̀." Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín wá ń gbọ̀n ọ́n. "Ọ̀nà ni mo ní kí o tẹ̀ lé. N kò ní kí báàgì rẹ ṣíwájú."

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ mi: bí mo bá wọ mọ́tò ní Ìlọrà báyìí, orí itan mi ni báàgì mi ń gbé. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí aṣọ ìnujú ẹlòmíràn lórí àga, èmi ni olùṣọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ nílé, ọ̀gá wa ṣí fìlà rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní òun ń bọ̀ ní Fìdítì, kí n fi gba àyè sílẹ̀ fún òun. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, ọ̀nà sì jìn. N kò jẹ́ tan ara mi jẹ. Àga mẹ́rin ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Bí àlejò bá pọ̀, wọn a fẹ́ gbé fìlà tó wà lórí èyí tó kángun sí ẹnu ọ̀nà kúrò, kí wọ́n lè jókòó. Mo máa ń lọ gbé àpótí wá fún wọn láti ilé ìdáná. Mo ní kí wọ́n má bínú, ó lẹ́ni.